Ìwé Ni Ẹlẹ́rìí Ọlọ́jà: Iṣẹ́ Agbaninímọ̀ràn lórí Owó-orí

Ìlú ọ̀nà ni Ṣábẹ̀ẹ́. Ojú irin tí ó ti Kútọnù wá gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí Pàràkú. Títì ńlá tí ó lọ sí ìhà àríwá gba ibẹ̀ pẹ̀lú, ààlà ilẹ̀ Nàìjíríà kò sì jìnnà sí i ní ìhà ìlà-oòrùn. Gàrí, iṣu, àgbàdo, sóyà àti kajú ń ti oko wọ ọjà. Aṣọ, ọṣẹ àti símẹ́ńtì ń ti òkèèrè wọlé. Òwò ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró.

Ẹni tí ó bá ń rà tí ó sì ń tà yóò bá owó-orí pàdé lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń wá sí ọkàn ọlọ́jà. Èló ni ó tọ́ kí òun san? Ta ni yóò bá òun ṣírò rẹ̀? Bí iye tí wọ́n kọ bá ju ohun tí òun jẹ lọ, níbo ni òun ti lè sọ tẹnu òun? Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí. Agbaninímọ̀ràn lórí owó-orí ni à ń pè wọ́n. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kì í sì í ṣe alágbàtà. Ọlọ́jà ni ó gbà wọ́n síṣẹ́, òfin sì ni ìwọ̀n wọn.

Orúkọ tí ó rántí àtijọ́

Orúkọ náà, owó-orí, ní ìtàn nínú. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn Fọ̀n náà sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn. Takwɛ ni wọ́n ń pè é: ta ni orí, akwɛ sì ni owó.

Ọdún 1899 ni ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí gba owó yìí ní Dahomey, bí orúkọ orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń jẹ́ nígbà náà. Kì í ṣe ọjà tí ènìyàn tà ni wọ́n ń wò, kì í sì í ṣe èrè tí ó jẹ. Orí ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó ní oko ńlá àti ẹni tí kò ní ju ọkọ́ kan lọ, iye kan náà ni wọ́n lè bù fún wọn.

Àwọn ènìyàn kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923, nígbà tí ìjọba fi owó kún owó-orí, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan dá iṣẹ́ dúró, ìjọba sì kó ọmọ ogun wọ ìlú. Wọ́n mú Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀wé ìròyìn, pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ́n sì lé wọn lọ sí ìgbèkùn ní ilẹ̀ Mauritania.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà lábẹ́ Faransé, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì kọjá ààlà lọ sí ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, onímọ̀ ìtàn láti Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi hàn pé ìṣípòpadà náà jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn fi kọ owó-orí, iṣẹ́ ipá àti ìfipámúni wọṣẹ́ ológun.

Ìjọba náà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì tán. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà gbà pé ọgbọ́n mẹ́ta péré ni ó wà bí òṣìṣẹ́ owó-orí bá yọ lókèèrè: kí ènìyàn ti ìsọ̀ kí ó sá, kí ó bẹ̀bẹ̀, tàbí kí ó fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Ọgbọ́n kẹrin wà. Òun ni ìwé.

Ohun tí wọ́n ń kà lónìí

Wọn kò ka orí ọlọ́jà mọ́. Ọjà rẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ní ọdún 1991, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dá owó-orí tí wọ́n ń pè ní TVA sílẹ̀. Sẹ́fà 18 ni lórí ọjà 100. Ẹni tí ó ra ọjà ni ó ń san án, ẹni tí ó tà á ni ó ń gbà á, tí yóò sì kó o fún ìjọba. Òwò tí ó tóbi ni èyí kàn jùlọ. Ní ọdún 2006, ìjọba dá nọ́ńbà IFU sílẹ̀. Ó ní àmì òǹkà mẹ́tàlá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí orúkọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan ọlọ́jà kékeré jùlọ ni TPS. Tẹ́lẹ̀ rí, oríṣiríṣi owó-orí ni ó ń já lé oníṣòwò kékeré lórí. Òfin ìṣúná ọdún 2015 pa ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe TPS. Nígbà tí ìwé òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, wọ́n fi iye rẹ̀ sí sẹ́fà 5 lórí ọjà 100 tí ènìyàn bá tà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ láàrín ọdún kò bá ju 50,000,000 sẹ́fà lọ ni ètò yìí wà fún. Bí ó ti wù kí ọjà kéré tó, TPS kì í dín ní 10,000 sẹ́fà.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí obìnrin kan tí ń ta gàrí bá ta ọjà 3,000,000 sẹ́fà láàrín ọdún, TPS rẹ̀ yóò jẹ́ 150,000 sẹ́fà. Bí kò bá ní ìwé kankan, òṣìṣẹ́ owó-orí kò ní ohun tí yóò kà. Yóò wo bí ìsọ̀ náà ṣe tóbi tó, yóò ka àpò tí wọ́n tò sílẹ̀, yóò sì fojú díwọ̀n. Bí ó bá díwọ̀n ọjà náà sí 5,000,000 sẹ́fà, owó-orí di 250,000. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ni àìkọ̀wé gbà lọ́wọ́ ìyá náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jà á lólè.

Ìwé lè fi òdìkejì hàn pẹ̀lú. Ó lè fi hàn pé ọjà tí ènìyàn tà ju ohun tí wọ́n ń bù fún un tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà náà, owó púpọ̀ sí i ni yóò san. Agbaninímọ̀ràn gidi kì í fi èyí pamọ́ fún oníbàárà rẹ̀.

Ẹni tí ó kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba

Iṣẹ́ ìgbani-nímọ̀ràn yìí ní ìtàn tirẹ̀, ọmọ Yorùbá kan sì wà ní iwájú nínú rẹ̀. Akintola Williams ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ìlú Èkó ní ọdún 1919. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nílé, ó sì lọ sí ìlú London ní ọdún 1944. Ní ọdún 1949, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí ìjìnlẹ̀ nínú iṣẹ́ ìṣirò owó.

Nígbà tí ó padà sílé ní ọdún 1950, ọ́fíìsì owó-orí ti ìjọba ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti díwọ̀n iye tí àwọn ènìyàn yóò san. Bí ó ṣe mọ ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ṣírò nìyẹn. Ní ọdún 1952, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó.

Kò rọrùn. Ní àkókò náà, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni ó di iṣẹ́ ìṣirò owó mú, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ni oníbàárà wọn. Williams wá àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ lọ. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún un ni ilé ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ti Ojukwu, àti ilé iṣẹ́ àga àti tábìlì ti Fawehinmi. Òwò ọmọ ilẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò fi ìwé wọn sí ipò tí ìjọba àti báńkì yóò fi gbà wọ́n gbọ́.

Ilé iṣẹ́ náà dàgbà. Ó ní ẹ̀ka ní ilẹ̀ Cameroon ní ọdún 1964, lẹ́yìn náà ó dé Côte d'Ivoire. Akintola Williams kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ẹni ọdún 104. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti di ara Deloitte, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìṣirò owó tí ó tóbi jùlọ lágbàáyé.

Àwọn tí owó-orí nìkan jẹ́ iṣẹ́ wọn náà kóra jọ ní Nàìjíríà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1982, òfin ọdún 1992 sì sọ ẹgbẹ́ náà di àjọ tí ìjọba mọ̀. Àjọ yìí ní ìdánwò, ó sì ní ìlànà ìwà. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá hu ìwà ìbàjẹ́ yóò rí ẹni bi í.

Ọ̀nà tí ó ti Faransé wá

Ilé iṣẹ́ bíi ti Akintola Williams kò lè wà ní gbogbo ìlú, ọlọ́jà kékeré kò sì lè san owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin kan tí wọ́n ṣe ní òpin ọdún 1974 wá ọ̀nà mìíràn. Ó dá irú ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní centre de gestion agréé. CGA ni ìkékúrú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kékeré, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀ yóò kóra jọ bí ẹgbẹ́ alájọ. Owó ìwọlé ẹgbẹ́ ni wọn yóò máa san, ẹgbẹ́ náà yóò sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé wọn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá gún, òfin yóò dín ẹrù owó-orí rẹ̀ kù.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ń sọ èdè Faransé gba ètò yìí. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn. Iṣẹ́ náà tún rọrùn sí i nípasẹ̀ OHADA, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1993 kí òfin òwò wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Ìlànà ìṣirò OHADA kò sọ pé kí oníṣòwò kékeré tọ́jú ìwé bí ilé iṣẹ́ ńlá. Ìwé owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde ni ìpìlẹ̀ ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn pín sí ọ̀nà márùn-ún.

Àkọ́kọ́, ó ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì gba nọ́ńbà IFU. Láìsí nọ́ńbà yìí, ó ṣòro láti bá ilé iṣẹ́ ńlá tàbí ìjọba ṣòwò.

Èkejì, ó ń wo ètò tí ó bá òwò náà mu. Ọjà tí a tà ni TPS ń kà, kò ka èrè. Ẹni tí ó ra àpò kajú ní iye púpọ̀, tí ó sì jẹ èrè díẹ̀ lórí rẹ̀, lè rí i pé owó-orí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè náà tán. Agbaninímọ̀ràn yóò ṣírò rẹ̀ ṣáájú kí ọdún tó yí, yóò sì wò ó bóyá òfin fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ ọ nípa ìwé ọjà tí ìjọba mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní facture normalisée. Ẹ̀rọ tàbí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó so mọ́ iléeṣẹ́ owó-orí ni ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Oníbàárà tí òun náà jẹ́ oníṣòwò yóò béèrè fún un.

Ẹ̀kẹrin, ó ń kọ ìwé ìkéde ọjà ọdọọdún, ó sì ń rán oníṣòwò létí ọjọ́ tí owó yẹ. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò san ìtanràn lé e.

Ẹ̀karùn-ún ni ó le jù. Bí iye tí wọ́n bù bá ju bí ó ṣe yẹ lọ, agbaninímọ̀ràn yóò kọ ìwé sí iléeṣẹ́ owó-orí láàrín àkókò tí òfin là sílẹ̀. Kò ní bẹ̀bẹ̀, kò sì ní jà. Yóò fi ìwé ọjà hàn, yóò tọ́ka sí ìlà òfin, yóò sì ní kí wọ́n tún un ṣírò. Ibí yìí ni ìwé ti ń jẹ́rìí. Bí kò bá sí ìwé, agbaninímọ̀ràn tí ó gbọ́n jù kò ní ohun tí yóò sọ.

Ohun tí ìdánwò Kútọnù fi hàn

Ǹjẹ́ ìmọ̀ràn yìí ń so èso? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé dán an wò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gan-an. Ní ọdún 2014, nígbà tí ìjọba ń dá ipò òfin tuntun sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré, wọ́n mú àwọn oníṣòwò tí ó lé ní 3,000 ní Kútọnù, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Wọ́n ṣàlàyé ipò tuntun náà fún àwọn kan. Wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní ìtọ́jú òwò. Àwọn kan sì rí alálàjà tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó-orí pẹ̀lú.

Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ kà. Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti pọ̀ jù ni àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ èrè wọn di púpọ̀. Ìwé kò tajà fún ènìyàn. Kò lè mú kí gàrí wọ́n, kò sì lè mú oníbàárà wá. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí ó jẹ, kí ó san iye tí ó jẹ, kí ó sì ní ohun tí yóò gbé síwájú bí wọ́n bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ṣèlérí ọrọ̀ fún ọlọ́jà nítorí owó-orí, irọ́ ni ó ń pa.

Bí a ṣe ń dá ayédèrú mọ̀

Ibi tí òfin bá ti le, tí èdè rẹ̀ sì jẹ́ àjèjì, àwọn kan yóò yọjú tí wọn yóò sọ pé àwọn mọ ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì. Wọ́n a ní kí ọlọ́jà kó owó wá, wọn yóò bá a san án. Owó náà lè má dé ibi tí ó ń lọ. Lọ́dún kejì, gbèsè ọdún méjì ni ọlọ́jà náà yóò bá lọ́rùn rẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn gidi kì í gba owó ìjọba sí àpò ara rẹ̀. Oníṣòwò fúnra rẹ̀ lè san owó-orí rẹ̀ ní báńkì tàbí láti orí fóònù, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí tí ó ní orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà IFU rẹ̀. Owó iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn dá yàtọ̀. Wọ́n á ti sọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun náà yóò sì fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí. Kì í sọ pé òun mọ ẹnì kan; òfin ni ó ń tọ́ka sí. Kì í tú àṣírí òwò oníbàárà kan fún èkejì. Bí wọ́n bá ní kó parọ́ sínú ìwé, yóò kọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kò sí lábẹ́ òṣìṣẹ́ owó-orí, kò sì gbọdọ̀ di ẹrú ẹni tí ń sanwó fún un.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó lè gba agbaninímọ̀ràn lónìí. Ṣùgbọ́n apá tí ó ṣe kókó jù nínú iṣẹ́ náà kò sí ní ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Inú ìwé kékeré kan ni ó wà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò.

Ìlà mẹ́rin tó o. Èkínní fún ọjọ́, èkejì fún ohun tí a rà tàbí tí a tà, ẹ̀kẹta fún owó tí ó wọlé, ẹ̀kẹrin fún owó tí ó jáde. Kí ènìyàn kọ ọ́ ní alaalẹ́, kí ó tó gbàgbé. Ní ìparí oṣù, kí ó ro owó tí ó wọlé pọ̀, kí ó sì kọ àròpọ̀ náà sí ìsàlẹ̀. Kí ó kó gbogbo ìwé ọjà sínú àpò kan, kí iná, omi àti eku má bàa bà á jẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni òfin OHADA ní kí oníṣòwò fi tọ́jú ìwé òwò rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́ ìwé kíkà ní àgbà lè kọ ìwé yìí ní èdè Yorùbá láti fi mọ òwò ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá di àsìkò ìkéde, ọmọ tí ó gbọ́ Faransé tàbí agbaninímọ̀ràn yóò rí ohun tí yóò túmọ̀. Oṣù méjìlá, àròpọ̀ méjìlá. Bí wọ́n bá ro àwọn méjìlá náà pọ̀, tí wọ́n wá mú 5 nínú 100 rẹ̀, ọlọ́jà yóò ti mọ iye TPS rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ owó-orí tó dé ẹnu ọ̀nà.